Ṣé Google Drive nìkan tó láti tọ́jú dátà ìwádìí fún ọdún 10?

Arábìnrin kan tó ń ṣe PhD l'Akọka ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Òkè Pópó àti Làfíàjí, lórí òwò tí wọ́n ṣe nígbà èwe wọn àti bí àdúgbò ṣe yí padà. Ohùn yẹn á tó wákàtí 60, fóònù ni mo fi gbà á. Ìwé ìbéèrè tí èèyàn 340 dáhùn wà nínú Excel, fọ́tò náà wà. Orí hard disk kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà, ó sì ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Súpafáísọ̀ mi ní ó kéré tán ọdún 10 ni kí n fi tọ́jú ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ní kí n da gbogbo ẹ̀ sórí Google Drive kí n lọ sùn. Ṣé ìyẹn tó?"

Àbúrò, kò tó. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, kẹ́kẹ́kẹ́ tó o kàn sọ gba ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Hard disk tó bá ti ń dún báyẹn, ohun tó ń ṣe é kì í wò sàn fúnra ẹ̀, gbogbo ìgbà tó o bá tún tàn án lò ń ná nínú ọjọ́ tó kù fún un. Lónìí yìí, kì í ṣe ọ̀la, ra òmíì tàbí kó o yá ti ẹlòmíì, tan èyí tó ń dún yẹn, kọ́kọ́ kó ohùn kúrò torí òun ni ò ṣeé tún ṣe, ìyá tó bá ti lọ ò lè wá tún ọ̀rọ̀ sọ fún ẹ, lẹ́yìn ẹ̀ kó Excel, kí fọ́tò wá gbẹ̀yìn. Tí ò bá ṣí mọ́, pa á kó o gbé e fún ẹni tó mọ̀ nípa kíkó dátà jáde nínú disk tó bàjẹ́, má gbé e fún bọ̀bọ́ tó bá ní "ẹ jẹ́ kí n fọ́máàtì ẹ̀ fún yín, á ṣiṣẹ́." Á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, òfìfo ló máa ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ Computer Village lo ti fẹ́ ra tuntun, ṣọ́ra fún fláàṣì àti hard disk tí wọ́n kọ 2TB sí lára tí owó ẹ̀ sì dà bí owó jíjẹ. Wọ́n máa ń yí inú ẹ̀ kó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé 2TB lòun, nígbà tó jẹ́ pé bóyá 32GB ni àyè tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tó o bá ń da nǹkan sí i, á máa gbà á, kò ní bínú, kò ní kọ, orúkọ fáìlì á máa hàn, ọjọ́ tó o bá fẹ́ ṣí i lo máa mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Sọ́fútíwià ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw fún Windows, èyí tó ń jẹ́ F3 sì wà fún Linux àti Mac, á kọ nǹkan kún disk yẹn dẹ́nu, á tún kà á padà, á sì sọ iye tó wà níbẹ̀ gan-an. Ó máa ń pẹ́ o, fi í sílẹ̀ kó ṣe é di àárọ̀, kó o tó fọkàn tán an.

Ó yá, Google Drive. Mi ò ní kó o má lò ó, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ò ń fi lé e lọ́wọ́. Àyè ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni ò ju 15GB lọ, Gmail àti fọ́tò ẹ sì ń jẹ nínú ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá wọ àkáǹtì kan fún ọdún 2, Google lè pa á rẹ́, December 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìyẹn. Tó bá sì jẹ́ àkáǹtì tí yunifásítì fún ẹ lo fẹ́ lò, béèrè lọ́wọ́ wọn kó o tó da nǹkan síbẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n máa tì í lẹ́yìn tó o bá ṣe tán, torí PhD máa parí, ọdún 10 súpafáísọ̀ ẹ ò sì ní tíì tó ìdajì. Èyí tó tún burú ni pé Drive tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹ, ohun tó o bá ṣe níbí ló máa ṣe lọ́hùn-ún. O ṣèèṣì pa fódà kan rẹ́, òun náà á pa á rẹ́, á sì wà nínú pàǹtírí fún ọjọ́ 30 péré. Tó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù 3 lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ńkọ́?

Àwọn tó lówó, tó ní ẹ̀rọ ńlá, náà ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ní December 2021, Yunifásítì Kyoto ní Japan pàdánù bíi 77TB dátà ìwádìí, torí pé àṣìṣe wà nínú sọ́fútíwià tó yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, òun gan-an ló ń pa fáìlì rẹ́. Fáìlì bíi mílíọ̀nù 34. Níbí ńkọ́, ṣé o rántí March 14, 2024, tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lẹ́ẹ̀kan náà? Báǹkì ò ṣeé lò, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́, ẹni tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀ wà ló káwọ́ lérí.

Ohun tá a máa ń sọ fún èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ wa ni 3-2-1, Peter Krogh tó jẹ́ ayàwòrán ló sọ ọ́ di olókìkí: ẹ̀dà 3, oríṣi ibi ìkósí 2, kí ọ̀kan nínú ẹ̀ jìnnà sílé. Fún ìwọ, ó lè jẹ́ ọ̀kan lórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan lórí Drive, ọ̀kan lórí hard disk tí wàá gbé sọdá Third Mainland lọ sílé ẹ̀gbọ́n ẹ tàbí ẹni tó o bá fọkàn tán lọ́hùn-ún. Jíjìnnà yẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Mo máa ń rí àwọn tó gbé láptọ́ọ̀pù àti hard disk sínú báàgì kan náà, tí wọ́n gbé báàgì yẹn wọ dáńfó láti Ọ́bálẹ́ńdé lálẹ́, tí wọ́n sì ń sọ fún mi pé àwọn ní ẹ̀dà méjì. Ẹ̀dà kan ni wọ́n ní o, torí olè kan ló máa gbé méjèèjì. Bákan náà ni ẹni tó to gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì kan tó ki gbogbo ẹ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí NEPA wá fi iná tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dé.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀dà tó wà lọ́hùn-ún bá ti ọwọ́ ẹ mu? Kì í ṣe nípa wíwo orúkọ fáìlì o. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní checksum. Kọ̀ǹpútà á ka gbogbo inú fáìlì, á ṣe ìṣirò lé e lórí, á sì pọ nọ́ńbà gígùn kan jáde, èyí tí oríṣi ìṣirò tó ń jẹ́ SHA-256 máa ń pọ̀ jáde jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Tí nǹkan bíńtín bá yí padà nínú ohùn wákàtí kan, gbogbo 64 yẹn á dàrú. Lórí Windows, ṣí Command Prompt, kọ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, kó o wá kọ SHA256, ó tán. Lórí Mac, shasum -a 256 ni. Kó gbogbo nọ́ńbà yẹn sínú fáìlì kékeré kan kó o fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ dátà ẹ, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bóyá họlidé October 1 tí kò síbi tó ò ń lọ, tún un ṣe kó o fi wéra. Ọjọ́ yẹn náà ni kó o wo ọjọ́ orí hard disk ẹ, tó bá ti tó ọdún 4 tàbí 5, ra òmíì kó tó dún.

Wàyí o, gbogbo ohun tí mo sọ látòkè, ìyẹn kọ́ lohun tó sábà máa ń pa dátà. Lójú tèmi, ohun tó ń pa á jù ni pé ẹni tó ni ín nìkan ló yé. Ó dà bíi ṣọ́ọ̀bù ní Balógun tó jẹ́ pé ìyá oníṣọ́ọ̀bù nìkan ló mọ ibi tí ọjà kọ̀ọ̀kan wà, ọjọ́ tí ìyá ò bá wá, ọjà kún inú ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tà. Ìwádìí kan jáde ní 2014 tí wọ́n ti wá dátà ìwé ìwádìí 516 kiri, èyí tó pẹ́ jù nínú ẹ̀ ti tó ọdún 22. Wọ́n rí i pé bí ọdún kan bá ti ń gorí ìwé, àǹfààní pé dátà ẹ̀ ṣì wà ń fi ìpín 17 nínú 100 dín kù. Ímeèlì ẹni tó kọ ọ́ ò ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí kó jẹ́ pé orí nǹkan tí kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á mọ́ ló wà.

Nítorí náà, ìdánwò tí màá fún ẹ rèé: wá ọmọ iléèwé kan tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ẹ, gbé fódà yẹn fún un, má dá sí i. Ṣé ó lè ṣí i? Ṣé ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ wo, àdúgbò wo, ta ló ń béèrè? Níbi tó bá ti yíjú sí ẹ béèrè nǹkan, nǹkan yẹn ló yẹ kó o kọ sílẹ̀. Kọ ọ́ sínú fáìlì txt lásán, pè é ní README, kó jẹ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Kọ irú fóònù tó o lò síbẹ̀, ohun tó fà á tí o fi yan àwọn àdúgbò yẹn, àwọn tó kọ̀ láti dáhùn, ìtumọ̀ àmì tó o lò nínú ọ̀rọ̀ tó o gbọ́ nínú ohùn tó o sì tẹ̀ sílẹ̀, pàápàá ibi tí àwọn àgbà ti fi èdè Èkó gidi sọ̀rọ̀ tí ọmọ Ìbàdàn ò ní gbọ́.

Excel yẹn náà ní tiẹ̀. Gbogbo òpó inú ẹ̀ nílò àlàyé. "Q7b" yẹn, kí ni? 1 ni bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi 99 sí ibi tí ẹni tí wọ́n bi ò dáhùn, ó dáa, ṣùgbọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó o lọ yẹn, ìyá ẹni ọdún 99 lè wà níbẹ̀ lóòótọ́! Tí o ò bá kọ ọ́ síbi kankan, ẹni tó máa lo dátà yẹn lọ́dún 2033 á ka àwọn tí ò dáhùn mọ́ arúgbó, á sì máa yà á lẹ́nu bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pẹ́ láyé. Lo -99, kó o sì ṣàlàyé ẹ̀.

Excel fúnra ẹ̀, mi ò fẹ́ràn kó jẹ́ òun nìkan lo máa fi pamọ́. Ó máa ń gbọ́n ju olówó ẹ̀ lọ. Tẹ nọ́ńbà fóònù 0803 sí i, á yọ òdo iwájú kúrò. Kọ 3-5 sí ibi iye ọmọ, á sọ ọ́ di ọjọ́ nínú oṣù. Ní 2020, àjọ tó ń rí sí ìlera ní England ń fi fáìlì Excel àtijọ́ kó èsì àyẹ̀wò Covid jọ, irú fáìlì yẹn ò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ, bó ṣe kún báyìí ìyókù já bọ́, àwọn 15,841 tó ní Covid ò sí nínú iye tí wọ́n kéde, àwọn tí wọ́n fara kàn ò sì tètè gbọ́. Nítorí náà tọ́jú Excel ẹ, ṣùgbọ́n sọ ẹ̀dà kan di CSV, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán tí àmì kọ́mà pín, kọ̀ǹpútà wo ló fẹ́ bí lọ́la tí kò ní lè ka ìyẹn. Má sì yan CSV lásán o, "CSV UTF-8" ni kó o yàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì ohùn ẹ á di àmì ìbéèrè.

Jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀ torí ọ̀rọ̀ tiwa ni. Kò sí ẹ́ tàbí ọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, lẹ́tà àti àmì ni kọ̀ǹpútà máa ń so pọ̀, ó sì lè tò wọ́n ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ tẹ "ọjà" lórí fóònù, ẹni tó ń bá ẹ tẹ ọ̀rọ̀ inú ohùn sílẹ̀ tẹ tiẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù míì, tó o bá wá wá "ọjà" nínú gbogbo ẹ̀, ìdajì lè má jáde, o ò sì ní mọ̀. Kí iṣẹ́ yẹn tó parí, sọ gbogbo ẹ̀ di oríṣi kan, NFC ni wọ́n ń pè é, sọ́fútíwià tó ń ṣe é pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tó o bá sì rí ẹnì kan tó fẹ́ fún ẹ ní fáìlì Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n fi àwọn fóńtì ìgbà yẹn tẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé wọ́n kàn ya ẹ sórí lẹ́tà míì, gbà á pẹ̀lú fóńtì ẹ̀, kó o sì ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún ẹ pẹ̀lú, torí láìsí fóńtì yẹn, ó di gbágungbàgun.

Ohùn ńkọ́? Fóònù tó o lò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ m4a ló fi pamọ́, tàbí AMR tó bá jẹ́ èyí tó ti pẹ́, oríṣi fáìlì tó máa ń fún ohùn pọ̀ kó lè kéré ni méjèèjì. Wákàtí 60 lórí m4a lè má ju 3 tàbí 4GB lọ, ìyẹn wọ Drive ọ̀fẹ́ wẹ́rẹ́. WAV ni àwọn ilé ìpamọ́ fẹ́ràn, torí kò fún ohùn pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ohùn ojú ọ̀nà kan lásán (mono) á jẹ tó 317MB ní wákàtí kan, ìyẹn bíi 19GB fún gbogbo tìẹ. Sísọ m4a di WAV ò ní dá ohun tó ti sọnù padà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́. Tọ́jú èyí tí fóònù fún ẹ gan-an láìfọwọ́ kàn án, ṣe WAV kún un tí ilé ìpamọ́ bá béèrè, kó o sì ṣètò fóònù ẹ kó máa gba WAV láti ìsinsìnyí lọ. Fọ́tò náà, má fi WhatsApp gbé e láti ibì kan dé ibì kan bí ẹni fi fọ́tò ránṣẹ́, á fún un pọ̀, fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Orúkọ fáìlì, 2024-03-09_IsaleEko_07 dáa, ọdún ló ṣáájú kí wọ́n lè máa tò tẹ̀ léra, kò sí àyè láàárín, kò sí àmì ohùn. "Mama Alhaja final FINAL 2" ò dáa.

Orúkọ yẹn ló mú mi dé ohun tó ṣeé ṣe kí o má tíì rò. Àwọn àgbà yẹn sọ̀rọ̀ ìdílé fún ẹ. Ìsàlẹ̀ Èkó la wà, ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ oyè, ta ni ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, ẹjọ́ lè wà ní kóòtù lórí ẹ̀ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n gbà pé kó o gba ohùn àwọn, ṣé o sọ fún wọn pé wàá tọ́jú ẹ̀ fún ọdún 10? Ṣé o sọ pé ẹlòmíì lè gbọ́ ọ? Tí o ò bá sọ bẹ́ẹ̀, padà lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà, mú nǹkan dání, béèrè ní Yorùbá tó yé wọn, kó o sì gba ìdáhùn wọn sílẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo dátà èèyàn ní Nàìjíríà ti wà láti 2023, ohùn èèyàn náà sì wà nínú ohun tó lè tú u fó, kódà tó o bá yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, ọmọ àdúgbò á ní "há, ìyá lágbájá nìyẹn." Fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, kó o tọ́jú ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ síbòmíì, kó o fi páásíwọ́ọ̀dù tì í, 7-Zip lè ṣe é. Páásíwọ́ọ̀dù yẹn náà, jẹ́ kí ẹnì kan míì mọ ibi tó wà, súpafáísọ̀ ẹ bóyá, torí fáìlì tí wọ́n tì tí kò sẹ́ni tó mọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, kò yàtọ̀ sí èyí tó sọnù.

Ọdún 10 yẹn wá ńkọ́, ta ló máa máa ṣọ́ ọ? Kì í ṣe ìwọ nìkan. Lọ sí láíbúrérì yunifásítì ẹ kó o béèrè bóyá ibi ìpamọ́ wọn ń gba dátà, kì í ṣe tíísìsì nìkan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Zenodo wà, ibi ìpamọ́ dátà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Switzerland, ló ń tọ́jú ẹ̀ láti 2013, ọ̀fẹ́ ni, àkójọ kan lè gbà tó 50GB, wọ́n á sì fún ẹ ní DOI, nọ́ńbà tí kò ní yí padà tí ẹlòmíì lè fi tọ́ka sí iṣẹ́ ẹ. O lè gbé èsì ìwé ìbéèrè tó o ti yọ orúkọ kúrò àti README síbẹ̀ ní gbangba, kó o sì ti ohùn mọ́lé níbẹ̀ kó jẹ́ pé ẹni tó bá béèrè tó o sì gbà fún ló máa gbọ́. Kò pọn dandan kí gbogbo fọ́tò lọ o, èyí tó ṣókùnkùn àti 12 tó jọra wọn, pa wọ́n rẹ́, ibi ìpamọ́ kì í ṣe ààtàn. Tó o bá sì máa béèrè owó ìwádìí lọ́jọ́ iwájú, TETFund ni o, àjọ òkè òkun ni o, kọ owó hard disk àti ti ìpamọ́ sínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé kí ló dé.

Bẹ̀rẹ̀ látorí hard disk tó ń dún yẹn lálẹ́ òní. Tó o bá kó o tán tó o ṣe checksum, tí nọ́ńbà fáìlì kan níbẹ̀ ò bá ti ẹ̀dà tuntun mu, má pa ìkankan nínú méjèèjì rẹ́, gbìyànjú láti gbọ́ méjèèjì, kó o kọ̀wé sí mi padà kó o sọ irú fáìlì tó jẹ́ àti ibi tí ohùn ti já.